Ṣé bíà ni sáídà?

Rárá, sáídà kì í ṣe bíà, omi èso ápù tí wọ́n fún tí wọ́n sì jẹ́ kó kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bèèrè ní òun rí sáídà kan tó ń jẹ́ Savanna níbi òde kan ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní bíà torí ìgò ẹ̀. Ọkà bálì ni wọ́n fi ń ṣe bíà, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sè é, àmọ́ ti sáídà, wọ́n kàn máa lọ ápù, wọ́n á fún omi ẹ̀, yíìsì á wá sọ ṣúgà inú ẹ̀ di ọtí, ká sòótọ́ ẹmu ló bá a tan ju bíà lọ. Agbára ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 4% sí 6%.

South Africa ni Savanna àti sáídà míì tó ń jẹ́ Hunter's ti wá. Strongbow ní tiẹ̀, ti Bulmers ni, ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Hereford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1887. Ní Asturias ní Sípéènì, ẹni tó ń bu sáídà á na ìgò sókè kọjá orí, á di ife mú nísàlẹ̀, á wá máa dà á wálẹ̀ díẹ̀ kó lè hó, ojú ẹsẹ̀ lèèyàn sì máa mu ún, àrà gidi ni.

Ẹ ṣọ́ra o, ní Amẹ́ríkà, omi ápù lásán tí ò ní ọtí ni wọ́n sábà ń pè ní cider, hard cider ló ní ọtí.