Dísìkì ló jẹ páànù ẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mò ń ṣe jù. Mo ra páànù siténlẹ́ẹ̀sì 2 mm kan tó gùn tó 2440 mm, mo ní kí n gé e sọ́nà mẹ́wàá, 244 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi tépù wọ̀n ọ́n dáadáa, àmọ́ èyí tó kẹ́yìn kúrú débi pé ọmọṣẹ́ mi ń wò mí bíi pé mo jí i. Ihò bẹ́árìn ò tún kojú ara wọn, ṣáàfù tó ń yí nínú wọn wá ń há. Ẹnì kan ní kí n lọ síbi tí kọ̀ǹpútà ti ń gé irin. Ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń náwó lé?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ò jí nǹkan kan, dísìkì ló jẹ ẹ́. Dísìkì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń gé siténlẹ́ẹ̀sì fi díẹ̀ lé ní 1 mm ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ a máa gbọ̀n, ojú gígé a wá fẹ̀ tó 2 mm. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lo gé e kó tó di mẹ́wàá, ìyẹn 18 mm, èyí tó kẹ́yìn á wá ku 226 mm. Eruku tó ń ta sí ẹ lójú yẹn, páànù ẹ ni. Wo ṣọ́ọ̀kì tí o fi ń fàlà náà, ìlà ẹ̀ nìkan lè fẹ̀ tó 2 mm, ṣé òkè ìlà lo gé ni àbí ìsàlẹ̀ ẹ̀? Pọ́n irin líle kan kí ẹnu ẹ̀ mú ṣóńṣó, òun ni kó o máa fi ha ìlà, kó o sì ka ohun tí dísìkì máa jẹ mọ́ ọn kó o tó gé.

Ti ihò bẹ́árìn yẹn gan-an ló dùn mí, torí kò bèèrè kọ̀ǹpútà kankan. Pa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, fi kíláńpù dè wọ́n pinpin, kó o lu ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá tiẹ̀ yẹ̀, wọ́n á jọ yẹ̀ ni, ṣáàfù ò ní mọ̀.

Ó wá ku lésà. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tó gbóná gan-an ni, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀, lára páànù 2 mm ojú gígé ẹ̀ kì í tó ìdajì mílímítà. Plásímà, ìyẹn gáàsì tí iná mànàmáná mú gbóná janjan, náà ń gé siténlẹ́ẹ̀sì, ó yá, àmọ́ ojú gígé tiẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, etí irin a sì máa dagun díẹ̀. Gáàsì tí ẹ fi ń gé irin dúdú ńkọ́? Má wulẹ̀ dán an wò, kúrómíọ̀mù inú siténlẹ́ẹ̀sì máa ń yọ awọ kan tí iná yẹn ò lè yọ́. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ onílésà, ní kó fi náítírójìn gé e, kó má fi ọ́síjìn, etí ẹ̀ á mọ́ funfun, kò ní dúdú. Wọ́n á bèèrè fáìlì DXF, ìyẹn àwòrán orí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ wọn lè kà, ọmọ Pólì Adó tó mọ AutoCAD tí wọ́n fi ń yàwòrán á bá ẹ yà á, má sì yọ ojú gígé kúrò nínú àwòrán o, onílésà ló máa ṣe ìyẹn lórí ẹ̀rọ. Kó o tó sanwó, gé páálí ní ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́, gbé e lé férémù wò.

Èmi ò ní gbé gbogbo iṣẹ́ fún lésà ṣá. Ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́rin lóṣù, ọwọ́ ẹ ká a. Àmọ́ tó bá di ogún tó gbọ́dọ̀ jọra, tí oníbàárà kan á pè ẹ́ láti Ọ̀mùò pé kó o fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́, tó sì gbọ́dọ̀ wọlé láì fi òòlù lù ú, lọ sọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn.

Ìbéèrè: Mo ń yan gàárì n'Ìjerò. Siténlẹ́ẹ̀sì tí wẹ́dà ṣe fún mi ti ń dípẹtà létí, ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ó lè má jẹ́ ayédèrú o. Bí wẹ́dà bá fi dísìkì tó ti gé irin dúdú gé siténlẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rún irin á lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀, òun ló ń dípẹtà. Ẹ ní kó fi dísìkì tuntun tí kò kan irin dúdú rí lọ etí náà mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi mágínẹ́ẹ̀tì nìkan dájọ́ fún yín, ojúlówó siténlẹ́ẹ̀sì wà tí mágínẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́.