Kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan fún dípátímẹ́ǹtì yín, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá láàbù

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní HOD (olórí dípátímẹ́ǹtì) Science Laboratory Technology, SLT, ní pólì tẹ́ ẹ ti jáde ní kẹ́ ẹ wá wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn, ẹ wá ń bèèrè pé kí lẹ máa lọ ṣe níbẹ̀ gan-an, ṣé owó ni wọ́n ń wá ni àbí ọ̀rọ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bá dípátímẹ́ǹtì tiwa ṣe irú ẹ̀, SLT lèmi náà, iṣẹ́ quality control, yíyẹ ọjà wò bóyá ó dára, ni mò ń ṣe nílé iṣẹ́ kan l'Ágbárá. A ṣe àṣìṣe kan tó jẹ owó wa gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ IT kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ wa, ló kọ́kọ́ jẹ́ kọ́rọ̀ yìí ká mi lára. Ilé ẹ̀kọ́ mi ló ti wá, dípátímẹ́ǹtì mi gan-an, ó ti parí ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní pólì, pẹ̀lú upper credit, ó wá ṣe IT ọlọ́dún kan tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó wọ HND, ìwé ẹ̀rí kejì. Mo ní kó bá mi wo pH omi borehole wa, ìyẹn bí omi náà ṣe kan tó. Ó mú electrode, ọ̀pá ara pH meter tí wọ́n ń tì bọ omi, ó fi tíṣù nu ẹnu ẹ̀ gbàgàgbàgà bí ẹni ń nu abọ́, ó tì í bọnú omi, ó ka nọ́ńbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò fi buffer 7 (omi tá a ti mọ pH ẹ̀ tẹ́lẹ̀) yẹ̀ ẹ́ wò, kò fi 4 yẹ̀ ẹ́ wò, kò fi omi distilled ṣan án. Nígbà tó ṣe tán ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì bẹ́ẹ̀, kò dá a padà sínú omi KCl tó yẹ kó máa wà, bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ bá ti gbẹ nọ́ńbà ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì. Mi ò pariwo mọ́ ọn. Mo rọra bi í pé báwo ni wọ́n ṣe kọ́ yín. Ó ní, "Sà, àwa 60 la wà lórí pH meter kan, àwọn tó wà níwájú ló rí i, ẹ̀yìn lèmi wà, nọ́ńbà tí wọ́n bá pè la máa ń kọ." Ọmọ yìí kan náà kọ Nernst equation, ìṣirò tí pH meter fi ń ṣiṣẹ́, fún mi láìwo ìwé o. Kì í ṣe olódo, ọwọ́ ẹ̀ ni ò kan ẹ̀rọ rí.

Mi ò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn torí mo rántí pé bó ṣe rí nígbà tiwa náà nìyẹn, ilé iṣẹ́ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀, wọ́n sì fi ojú mi gbolẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa. Gbogbo wa gbà pé a máa ṣe nǹkan ńlá fún dípátímẹ́ǹtì. A dá owó jọ, àwọn tó wà ní London àti Houston ló dá èyí tó pọ̀ jù, a ra AAS tòkúnbọ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ bí lead tàbí copper ṣe pọ̀ tó nínú omi tàbí nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀rọ gidi ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ gé ríbọ́ọ̀nù, a ya fọ́tò, a jẹun, inú wa dùn bí ẹni gun ẹṣin lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù 18 mo yà síbẹ̀ lójijì, ọ̀ràn míì ló gbé mi lọ sí ìlú yẹn. Nylon tá a fi wé ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí ẹ̀, aláǹtakùn ti ta wẹ́ẹ̀bù láti ara rẹ̀ dé ara fèrèsé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé AAS kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé kalẹ̀ kó máa tàn. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní lamp tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo lead ẹ máa ní lamp lead, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo zinc ẹ tún wá ti zinc, méjì péré ló bá tiwa wá. Gáàsì acetylene ló ń lò, ó fẹ́ compressor tó ń fún un ní atẹ́gùn, ó fẹ́ páìpù tí èéfín máa gbà jáde kúrò nínú yàrá, ó fẹ́ iná tí ò ní máa lọ sókè sódò, ó sì fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Kò sí ìkankan nínú wọn nílẹ̀. Ọ̀gá láàbù, bàbá tó ti wà nínú láàbù yẹn látìgbà tá a ti wà ní ND1, jókòó tì mí, kò bínú, ó kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò bi mí. Ká ní ẹ bi mí ni, mi ò bá ti sọ fún yín pé ọdún kẹta rèé tí ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì distiller wa, ẹ̀rọ tó ń ṣe omi distilled, ti jó. Omi tó ń kán láti ara AC ọ́fíìsì HOD la fi ń ṣe práátíkà."

Ó dùn mí wọ eegun. Owó tá a fi gbé AAS yẹn láti èbúté dé ilé ẹ̀kọ́ nìkan, kò mọye ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì tó máa rà.

Torí náà ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, tẹ́ ò bá tiẹ̀ gba ìyókù: kẹ́ ẹ tó jókòó nípàdé kankan, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ práátíkà. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pè yín, torí wọ́n á ti gbálẹ̀ dè yín, wọ́n á ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ẹ dúró lẹ́yìn, níbi táwọn tó kẹ́yìn máa ń dúró sí, kẹ́ ẹ wo ohun tójú yín máa rí láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ ọ̀gá láàbù kó ṣí sítọ̀ fún yín.

Ohun tá a ṣe nìyẹn lẹ́yìn tójú wa là. Sátidé kan, èmi, bàbá, àti ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa kan tó ń tún ẹ̀rọ ọsibítù ṣe, a kó gbogbo ohun tó wà nínú sítọ̀ síta. Spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń fi iná wo bí kẹ́míkà ṣe pọ̀ tó nínú omi, márùn-ún ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ "Ó ti bàjẹ́" lé lórí. Mẹ́ta nínú wọn, lamp ẹ̀ ló kàn kú, ọ̀kan, fíúsì. Centrifuge kan, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan olómi kíákíá kí ohun tó wà nínú ẹ̀ lè yà sọ́tọ̀, wà tí ẹ̀gbọ́n kan fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, 110 volt ni, wọ́n tì í bọnú iná wa tó jẹ́ 230, ó rú èéfín lọ́jọ́ kan náà, ó parí. Sìkéèlì olówó ńlá wà tí wọ́n ní kì í sọ òótọ́ mọ́, kò sóhun tó ṣe é, tábìlì tí wọ́n gbé e lé ló ń mì, fáànù òkè sì ń fẹ́ sí i. A gbé e lọ sórí pèpéle tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, a mú un dọ́gba, nọ́ńbà ẹ̀ dúró. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé láàbù wa ò tòṣì tó bá a ṣe rò, wọ́n kàn pa á tì ni.

Èyí tá a wá ra kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ AAS. A lọ sí Ọjọ́ta, a ra ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì distiller méjì kí ọ̀kan wà nílẹ̀, pH meter kékeré mẹ́fà, buffer, burette tí wọ́n fi ń wọn kẹ́míkà olómi, àti agar tí wọ́n fi ń tọ́ bakitéríà. Àwa fúnra wa la lọ rà á, a ò san owó fún ẹnikẹ́ni, bá a sì ṣe ń kó o dé ni HOD àti ọ̀gá láàbù ń fọwọ́ sí i nínú ìwé sítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré ìyẹn, ìwé yẹn ló ń pa ariwo mọ́lẹ̀ láàárín àwa tá a dá owó, torí lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá bèèrè pé owó òun dà, ojú ẹ̀ á rí i.

Wọ́n wá pín àwọn ọmọ sí mẹ́fà mẹ́fà, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pH meter tiẹ̀. Ọjọ́ kan ò gbà wọ́n tán mọ́, wọ́n fi Sátidé kún un, àwa là ń ra epo jẹnẹrétọ̀, tá a sì ń fún bàbá lówó mọ́tò àti oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí nǹkan yí padà, ibi tó ṣòro jù nìyí o, torí kò sẹ́ni tó máa gé ríbọ́ọ̀nù fún epo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ò ní kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì yín sára ògiri nítorí buffer. Ó pọ̀ nínú ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa tó yọ ọwọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ohun tí wọ́n máa ya fọ́tò ẹ̀, mi ò bínú sí wọn, àwa tó ṣẹ́ kù tó.

Ti ọ̀rọ̀ sìlébọ́ọ̀sì, ẹ má lọ bá wọn jà. NBTE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn pólì, ló ń gbé e kalẹ̀, HOD ò lè dá a yí padà. Mo wí i nípàdé wa àkọ́kọ́ pé sìlébọ́ọ̀sì yín ti gbó, ojú àwọn olùkọ́ yí padà, fún ọ̀pọ̀ oṣù wọn ò dá wa lóhùn dáadáa mọ́, mo sì jẹ̀bi, torí àwọn kan níbẹ̀ ti ń fi owó oṣù wọn ra kẹ́míkà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ bá wọn wá iṣẹ́ gidi tó máa wọnú práátíkà tó ti wà nílẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n ti ní práátíkà lórí omi tẹ́lẹ̀. Ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa kan ní ilé iṣẹ́ pure water, ó gbà kí wọ́n máa wá gba omi lọ́wọ́ òun kó tó wọnú nylon àti lẹ́yìn tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ń wo pH ẹ̀ bóyá ó wà láàárín 6.5 sí 8.5 tí òfin omi mímu wa sọ, wọ́n ń wo E. coli, bakitéríà tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi, tí ò gbọdọ̀ sí rárá nínú 100 ml. Autoclave láàbù, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò lára ohun èlò, ò ṣiṣẹ́, ìkòkò pressure pot tó lágbára ni wọ́n ń lò, ó ń dé 121 dígírì, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n ń lẹ indicator tape, tó ń yí àwọ̀ padà tí ooru bá kàn án, mọ́ inú ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ó gbóná dé ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ ìròyìn bí ẹni tó ń kọ ọ́ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó máa san owó, pẹ̀lú déètì, nọ́ńbà ẹ̀rọ, ẹni tó ṣe é, àti ìgbà tí wọ́n fi buffer yẹ pH meter wò gbẹ̀yìn. Èmi ni mò ń ka àwọn ìròyìn yẹn, mo máa ń dá ọ̀pọ̀ padà. Ọmọ kan bi mí pé sà, ṣé nítorí pé mi ò kọ déètì náà lẹ fi dá a padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nílé iṣẹ́, iṣẹ́ tí o ò kọ sílẹ̀, o ò ṣe é.

Àyè IT náà ńkọ́. Ibẹ̀ lẹ lè ti wúlò láìná kọ́bọ̀. SIWES, ètò IT oṣù mẹ́rin tí wọ́n ń ṣe láàárín ND, tó yàtọ̀ sí ti ọlọ́dún kan, ti wà láti 1973, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ sáyẹ́ǹsì ló ń lo oṣù mẹ́rin yẹn ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì, torí wọn ò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ ibi tí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde ti ń ṣiṣẹ́. Ti wa, a rí ẹni l'Ágbárá, l'Ọ́tà, ní Ìkẹjà, a rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àyè, kẹ́ ẹ sì máa pe ọ̀gá ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ bi í pé kí lọmọ yẹn ò mọ̀. Ìdáhùn wọn lẹ máa kó padà wá fún dípátímẹ́ǹtì. Látibẹ̀ la ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin pé àwọn ọmọ wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń po kẹ́míkà láti orí èyí tó le wá sórí èyí tó fúyẹ́, olùkọ́ kan sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un.

Àwọn tó wà lókè òkun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tàbí kẹ́míkà ránṣẹ́ láìbéèrè. Ẹ ní kí wọ́n máa ka prọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn HND2 nígbà tó ṣì wà ní proposal, ìyẹn ló wúlò jù.

Nǹkan kan tún wà tẹ́ ẹ máa bá pàdé. Tí NBTE bá fẹ́ wá ṣe accreditation, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì, ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ yá àwọn ní ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n bi èmi náà, mo sì kọ̀. Ó fa ìjà díẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ tá a bá yá yín lónìí, àwọn ọmọ ò ní rí i lọ́la, ẹ jẹ́ ká fi oṣù mẹ́fà tó kù tún èyí tẹ́ ẹ ní ṣe. Kẹ́ ẹ pinnu ohun tẹ́ ẹ máa sọ kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Bàbá wa máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀, òun ló ń kó mi lọ́kàn sókè báyìí. À ń bẹ dípátímẹ́ǹtì kí wọ́n gba ẹlòmíì kó tó lọ, kónítọ̀hún lè tẹ̀ lé e fún bí ọdún kan, torí gbogbo ohun tó mọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ yẹn, orí ẹ̀ ló wà, kò sí nínú ìwé kankan. Kí wọ́n tó dáhùn, àwa méjì máa ń lọ jókòó tì í ní Sátidé, ó ń sọ, à ń kọ, èyí tó bá gba kó tú u ká ó máa ń tú u ká lójú wa. A ti dé orí ẹ̀rọ kẹsàn-án.