Orí rẹ ṣe é lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?

Ṣàgámù ni lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí ti wá. Ẹni ọdún 36 ni obìnrin tó kọ ọ́, ọmọ méjì ló bí. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó fún ọdún 9 ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka náà, ọkùnrin márùn-ún ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà náà gùn, mo gé e kúrú:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi ní lẹ́tà ìgbéga ni oorun ò ti kun ojú mi. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ṣèèṣì mú mi ni. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti kàwé. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ mi kàwé nílùú òyìnbó. Tí mo bá ti ṣe ìṣirò ìparí oṣù tán, òun ni mo máa ń bẹ̀ kó bá mi ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ọ̀gá, kí n má lọ sọ̀rọ̀ kí àṣírí mi tú. Iṣẹ́ kan náà ni mò ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń délé. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orí ló gbé mi débẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Tó bá jẹ́ orí ni, lọ́jọ́ tí orí bá sùn ńkọ́?"

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìbéèrè ìgbẹ̀yìn yẹn.

Ohun tó ń ṣe ọ́ kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1978, obìnrin méjì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, Pauline Clance àti Suzanne Imes, kọ̀wé lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bá obìnrin tó lé ní 150 jókòó. Àwọn tó kàwé dójú àmì ni, àwọn tí ẹlẹgbẹ́ wọn ń kan sáárá sí. Síbẹ̀, lójú ara wọn, ayédèrú ni wọ́n. Àwọn kan ní oríire ni, àwọn mìíràn ní ẹni tó gbà wọ́n sílé ẹ̀kọ́ ló ṣàṣìṣe. Imposter syndrome ni aráyé ń pè é báyìí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò pè é ní àìsàn. Èmi náà, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni mo kọ́kọ́ lọ, mo bi í bóyá wọn ò ṣi orúkọ kọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Àmọ́ tiwa tún ní nǹkan kan nínú. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí, ta ni wọ́n á yìn tí yóò dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ iṣẹ́"? "Ọlọ́run ni o", "orí ló bá mi ṣe é", bẹ́ẹ̀ là ń wí. Ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò ní kó o fi sílẹ̀. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ ni pé ọ̀rọ̀ tó o fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn, ìwọ fúnra rẹ ti gbà á gbọ́, o wá ń fi ṣe ẹlẹ́rìí ta ko ara rẹ.

Àwọn babaláwo ní ìtàn kan (mo mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́, má bínú, ọgbọ́n ni mo ń wá). Gbogbo Orí pe ìpàdé, wọ́n ń gbèrò ohun rere, wọn ò sì pe Ẹsẹ̀ sí i. Èṣù wò wọ́n, ó ní nígbà tí ẹ ò ti pe Ẹsẹ̀, a ó máa wò ó bí ìmọ̀ràn yín ó ṣe yọrí. Ìjà ni wọ́n fi tú ká. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn tó gún. Ìwọ náà ti pe ìpàdé lórí ìgbéga rẹ, orí nìkan lo pè. O kọ ọ́ sáàárín lẹ́tà rẹ, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò, pé lọ́dún tó kọjá ìwọ lo rí i pé wọ́n ti san owó dísù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì gba owó náà padà. Ṣé orí ló jókòó ti rìsíìtì lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó kàwé nílùú òyìnbó wá kù. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń rí fún àwa obìnrin lásìkò Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú tó ń jáde nínú ẹní, tí obìnrin kì í wò, tá a bá wọlé tá a ti ilẹ̀kùn, tá à ń gbọ́ ariwo lóde? Ohun téèyàn ò rí, ọkàn a máa fi kún un. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń wo ọkùnrin yẹn. O rò pé nǹkan kan wà lábẹ́ ẹní tí wọ́n fi hàn án tí wọn ò fi hàn ọ́. Ìṣirò tìrẹ ló ń gbé lọ síwájú àwọn ọ̀gá, ọmọ mi! Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹní.

Obìnrin tó ń ṣòwò ńlá, tó ń ka owó, kì í kúkú ṣe àjèjì ní Rẹ́mọ. Lọ́dún 1957, ọdún mẹ́ta kí òmìnira tó dé, Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń pín ọjà Nigerian Breweries.

Kì í wá ṣe ọkàn rẹ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu o. O ní ọ̀gá kan máa ń pè ọ́ ní "ìyàwó wa" nípàdé, ìwọ ni wọ́n sì máa ń ní kó o gbé mínírà fáwọn àlejò. Ìyẹn kì í ṣe ìrònú lásán, ojú rẹ ló rí i. Lọ́dún 2021, Ruchika Tulshyan àti Jodi-Ann Burey kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review pé ká yéé sọ fáwọn obìnrin pé àwọn ló ní àrùn yìí, pé ibi iṣẹ́ ló yẹ ká tún ṣe. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ò ní tún ara rẹ̀ ṣe kí oṣù yìí tó parí, ìwọ sì gbọ́dọ̀ sùn. Bí wọ́n bá tún pè ọ́ bẹ́ẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́, kó o ní, "Ìyàwó ilé yín kọ́ o, sà, olórí ìṣirò yín ni." Ní ti mínírà, ọmọkùnrin márùn-ún ló wà ní ẹ̀ka rẹ.

Oníṣirò ni ọ́, nítorí náà ra ìwé kan, kó o ṣe é bí ìwé owó. Ohun tó o ṣe, ọjọ́ tó o ṣe é, iye owó tó gbà là, ẹni tó mọ̀ sí i. Má kọ ìyìn sí i, iṣẹ́ nìkan. Owó dísù yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó o bá ṣe náà, kọ ọ́ síbẹ̀, torí ìwé tí kò ní owó jáde, ìwọ náà mọ̀ pé irọ́ ni. Iṣẹ́ tó ò ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kó o pa iná, kó o máa lọlé.

Bí oorun ò bá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ rí dókítà. Bí wọ́n bá sì dárúkọ Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, má ta kìjí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ náà ń lọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń já sọ́jà nìkan.

Ní ìparí oṣù yìí, ìwọ ni kó o dìde síwájú àwọn ọ̀gá. Kí ọ̀gbẹ́ni ìlú òyìnbó bá ọ di fáìlì mú.