Chlorella: orúkọ tó ti ara ọ̀mùnú ewé wá

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: kí ni ìtumọ̀ Chlorella, ṣé chlorine tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi ló wà nínú rẹ̀ ni? Rárá o. Ìyá kan náà ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì, àmọ́ àwọn ohun tí wọ́n ń dárúkọ kò bá ara wọn tan.

Chlorella jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó máa ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé. Martinus Beijerinck, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ló fún un lórúkọ ní 1890. Ó mú khlōros nínú èdè Gíríìkì, ó sì so -ella ti èdè Látìnì mọ́ ọn nídìí. Iṣẹ́ -ella kò ju kó sọ nǹkan di kékeré lọ. Ó sì yẹ ẹ́: kódà bí a bá to 100 lára èyí tó tóbi nínú wọn sórí ìlà, gígùn wọn kò ju mìlímítà kan lọ.

Ìdí khlōros gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ní “àwọ̀ ewé” ni, ó tọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ọmọ ìyá khloē ni, èyí tí í ṣe ọ̀mùnú, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Lójú tèmi, tútù ló sún mọ́ ọn jù lédè wa: igi tútù, ewé tútù, koríko tútù. Bí a bá pe koríko ní tútù, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ là ń sọ. À ń sọ pé omi ṣì wà lára rẹ̀. (Ewé kan náà, bó bá gbó dáadáa, dúdú la máa pè é.) Nínú Máàkù 6:39, koríko tí Jésù ní kí àwọn èèyàn jókòó lé, khlōros ni. Nínú Ìfihàn 6:8, ẹṣin tí Ikú gùn, khlōros náà ni, àmọ́ àwọ̀ tó ṣì bí ojú aláìsàn ni níbẹ̀. Ara ọ̀mùnú ni ìtumọ̀ méjèèjì ti pàdé, torí ó tutù, àwọ̀ rẹ̀ kò sì tíì jinlẹ̀.

Ọ̀nà àwọ̀ tó ṣì yìí ni chlorine gbà wọlé. Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ gáàsì náà lórúkọ ní 1810, nítorí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ti ewé àti ìyeyè. Chlorophyll, tó ń fún ewé láwọ̀, so khlōros pọ̀ mọ́ phyllon, ìyẹn ewé. Màgnísíọ̀mù ló wà láàárín rẹ̀, kò sí chlorine níbẹ̀ rárá. Chlorophyll yìí ló kún inú Chlorella.