Ìwé àṣẹ wo ni oníṣègùn ewé nílò ní Òṣogbo?

Ìbéèrè: Mo kọ́ iṣẹ́ naturopathy, ìyẹn fífi ohun àdáyébá tọ́jú àìsàn, mo sì fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú ní Òkè-Báálẹ̀. Mo ń rọ àgbo sínú ìgò fún títà. Ẹnì kan ní kí n kó owó fún òun, pé ìwé kan ṣoṣo á kárí gbogbo rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má kówó fún un. Kò sí ìwé kan tó kárí oníṣègùn, ilé iṣẹ́ àti àgbo pọ̀.

Òfin MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, fàyè gba ẹni tí ará àdúgbò rẹ̀ jẹ́rìí sí pé ó kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àyè yẹn kò kan ohunkóhun tó bá gba kí a gé ara, àfi ìkọlà abẹ́ nìkan. Ẹni tó ń sín gbẹ́rẹ́ fún aláìsàn ti jáde lábẹ́ ààbò yẹn, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. Naturopathy tí a kọ́ nílé ìwé kì í ṣe ìṣègùn ìbílẹ̀. MDCN kan náà ni òfin fà á lé lọ́wọ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó kọ “Dókítà” sára pátákó.

Ẹ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ òwò (business name) ni ẹ fi sílẹ̀, láti ọdún kejì, ẹ máa fi àbọ̀ ọdọọdún ránṣẹ́, ó pẹ́ tán, ní 30 Okúdù.

Àgbo ló ní wàhálà jù. Ọjà kan ni nọ́ńbà NAFDAC wà fún. Àgbo ibà kò lè lo nọ́ńbà àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ọdún 2 ni ìforúkọsílẹ̀ egbòogi ń lò, kò sì túmọ̀ sí pé NAFDAC jẹ́rìí pé ó ń wo àìsàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ kọ ọ́ sára ìgò pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ẹ sọ wò. Wọ́n á wá wo ibi tí ẹ ti ń ṣe é, nítorí náà ilé ìdáná tí ẹ ti ń se ọbẹ̀ kò ní tó. Ohun kan tó máa ń bà á jẹ́ ni ewé tí a sá sórí ilẹ̀ lásán: kòkòrò àìfojúrí lè pọ̀ nínú rẹ̀, àyẹ̀wò á sì já a kulẹ̀. Ẹ sá a sórí àtẹ gíga, lábẹ́ ibòòji.

Ìpolówó rédíò ní àṣẹ tirẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ polówó pé àgbo yín ń wo jẹjẹrẹ tàbí àtọ̀gbẹ.

Bí ẹ bá ń sanwó ìjọba, kí orúkọ ilé iṣẹ́ yín wà lórí rìsíìtì náà, kì í ṣe orúkọ ẹni tó bá yín ṣe é.