Ẹ Bi Wá: Kí Ẹ Tó Pa Màlúù Ìlàjà

Lẹ́tà tó dé láti Ìwọ̀-Oòrùn Kogí lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn kan náà: ìbọn ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn kò tíì balẹ̀. A mú mẹ́rin dáhùn nínú wọn. A kò dárúkọ abúlé kankan, torí pé ọgbẹ́ náà kò tíì jinná.

Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Abúlé wa àti àwọn tó bá wa pààlà jà lórí ilẹ̀ oko lọ́dún tó kọjá. Ilé àti àká iṣu jó níhà méjèèjì. Àwọn àgbà ti dá ọjọ́ ìlàjà: a ó pa màlúù, pásítọ̀ àti ìmáàmù yóò gbàdúrà, a ó sì dì mọ́ra. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn kò ní yọjú. Ta ló jàre? (Láti Bùnú)

Àwọn ọ̀dọ́ yín kò kọ àlàáfíà. Ètò tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú ni wọ́n kọ̀. Màlúù ló yẹ kó kẹ́yìn. Bí ẹ bá pa á kí ẹnikẹ́ni tó mọ iye ilé tó jó, ẹni tó pàdánù yóò jẹ ẹran náà tán, yóò sì padà sí ahoro rẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìgbọ́rọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá ẹni tí ìhà méjèèjì fọkàn tán, tí kò ní oko níbẹ̀, tí kò sì ní àna níbẹ̀. Kó jókòó ti abúlé kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́ta ó kéré tán: ọjọ́ kan fún àwọn àgbà, ọjọ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọdẹ, ọjọ́ kan fún àwọn obìnrin nìkan. Ẹ má ṣe fo ti àwọn obìnrin. Opó tó mọ ẹni tó tanná sí ilé rẹ̀ kì í sọ ọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin.

Lẹ́yìn náà ni àkọsílẹ̀ àdánù, ìwé kan náà fún abúlé méjèèjì. "Wọ́n jó ilé mi" kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: yàrá 4, ọ̀kadà 1, iṣu 300 nínú àká, ẹlẹ́rìí 2. Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí bá lè wá láti ìhà kejì, ó dára jù. Ohun tó máa ń ba ìwé yìí jẹ́ ni pé gbàrà tí a bá ti gbọ́ owó, iṣu 300 á di 1,000. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ sókè ní gbangba abúlé kí ẹ tó tì í. Ojú aládùúgbò tó mọ bí àká náà ṣe tó máa ń dín irọ́ kù.

Kí ẹ ṣèlérí owó gbà-má-bínú tí ẹ lè san, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó san án. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ ti Gúúsù Áfíríkà, tó gbọ́ ẹjọ́ ìwà ìkà ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu sì darí, dá a lábàá pé kí ìjọba máa san owó fún àwọn tí wọ́n fìyà jẹ fún ọdún 6. Ní 2003, ìjọba kéde 30,000 rand fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Títí di òní ni àwọn kan níbẹ̀ ṣì ń bínú, wọ́n ní àwọn sọ òtítọ́, àwọn kò sì rí ẹ̀tọ́ àwọn gbà.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ rin ààlà. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ló dára jù, tí igbó ti ṣí tí òjò kò sì tíì dé. Kí àgbà mẹ́ta àti ọ̀dọ́ mẹ́ta láti ìhà kọ̀ọ̀kan rìn ín pọ̀, kí abúlé kẹta tí ilẹ̀ rẹ̀ kan tiyín náà wà níbẹ̀. Níbi tí ààlà bá ti yà, ẹ gbin pèrègún síbẹ̀, kí ẹnì kan sì fi fóònù gba àmì ibẹ̀ sílẹ̀, torí pé iná oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ lè jó pèrègún. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fún wọn lágbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ oko ní ìgbèríko, tí kò bá ju hẹ́kítà 500 lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé kàṣú. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbin igi ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Apá ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yanjú, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ̀pà, ẹ̀wà àti àgbàdo nìkan ni ẹnikẹ́ni lè gbìn síbẹ̀. Ọmọ kàṣú mẹ́wàá tí ẹnì kan rì mọ́lẹ̀ lóru lè tú iṣẹ́ ọdún kan ká.

Tí gbogbo èyí bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa màlúù náà. Àwọn ọ̀dọ́ yóò yọjú.

Àdéhùn wa pẹ̀lú àwọn Fúlàní darandaran kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí màlúù tún fi wọ oko mi. Àwọn ọmọ mi ti ń pọ́n àdá. Báwo ni a ṣe ń díye ohun tó bàjẹ́ tí kò fi ní di ìjà? (Láti Yàgbà)

Ẹ gba àdá lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹ má sì fọwọ́ kan oko náà títí àwọn olùyẹ̀wò yóò fi dé. Kí wọ́n dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, torí pé òjò kan ṣoṣo lè pa ojú ẹsẹ̀ màlúù rẹ́. Ẹni mẹ́ta ni wọn: àgbẹ̀ kan, darandaran kan, àti ẹni tí kò sí níhà kankan.

Ẹ má fojú díwọ̀n, ẹ kà á. Kí àgbẹ̀ àti darandaran jọ máa tọ poro kọ̀ọ̀kan, kí darandaran náà máa ju hóró àgbàdo kan sínú igbá fún ebè kọ̀ọ̀kan tó bàjẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kà á, kò lè ní wọ́n fi kún un. Bí oko bá jẹ́ igba mẹ́ta, ìyẹn ebè 600, tí igbá sì ní hóró 140, ebè 140 ni a ó sanwó rẹ̀, kì í ṣe "oko mi látòkè délẹ̀".

Owó ebè kan kò dọ́gba nígbà gbogbo. Iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, owó èbù àti owó iṣẹ́ ni. Èyí tó kù díẹ̀ kó tó wíwà, iye tí wọ́n ń ta iṣu ní ọjà tó súnmọ́ yín jù lọ́sẹ̀ náà ni. Ti ẹ̀gẹ́ tún yàtọ̀: èyí tí màlúù jẹ ewé rẹ̀ lásán yóò tún rú, owó rẹ̀ kéré. Èyí tí wọ́n hú, ẹ tètè fi ṣe gàrí, torí pé kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́. Kí ẹ yọ owó gàrí náà kúrò nínú ohun tí wọ́n máa san.

Ọwọ́ ẹni tó loko gan-an ni kí owó dé, lójú ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Owó tó gba ọwọ́ mẹ́rin kọjá kì í pé. Bí àgbẹ̀ kò bá sì rí i gbà, darandaran tó ti sanwó ni yóò tún dá lẹ́bi.

Ọmọ àbúrò mi wà lára àwọn tó jó ilé. Ó ti padà wálé, ó sì fẹ́ tọrọ àforíjì. Bí ìdílé náà bá gbà, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? (Láti Ìjùmú)

Kò tíì parí. Lójú òfin, ìjọba ló ni ẹjọ́ ilé jíjó àti ìpànìyàn. Ìdílé lè dárí jì í, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ìyẹn fa ẹjọ́ ya. Ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ní ti àforíjì náà, kó má dá lọ, kó má sì lọ láìjẹ́ pé àgbà kan ti bá ìdílé náà sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ní kó máa bọ̀. Kó sọ ohun tó ṣe ní pàtó: ilé ta ni, ọjọ́ wo. "Bí mo bá ṣẹ̀ yín" kì í ṣe àforíjì. Kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ní Rùwáńdà, níbi tí àwọn ará abúlé ti jókòó dá ẹjọ́ tó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì nínú gacaca, ìyẹn ilé ẹjọ́ abúlé tó gbọ́ ẹjọ́ ìpakúpa ọdún 1994, kó tó parí ní 2012, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jẹ́wọ́ ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ ìlú dípò apá kan nínú ẹ̀wọ̀n wọn, títí kan ilé kíkọ́. Ọmọ yín náà lè gé búlọ́ọ̀kù. Bí ìdílé náà bá sì ní àwọn kò ṣe tán láti rí ojú rẹ̀, ẹ má ṣe fi àgbà tàbí àdúrà fipá mú wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ọjà wa dàrú lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé wọ́n ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Kí ni kí a ṣe? (Ìyá ọlọ́jà kan, Kàbbà)

Ẹ kú orí ire, ìyá, tí kò sí ẹni tó kú. Kí ìhà kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò máa pe ara wọn ní tààrà, kí ìyálọ́jà sì wà nínú wọn. Ẹni tí ohùn bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó bi ẹni tó fi ránṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló rí wọn? Níbo? Ìgbà wo? Bí kò bá rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó má fi ránṣẹ́ mọ́. Kó pe àwọn mẹ́rin yẹn. Bí ìdáhùn bá wà, kí wọ́n pe ọlọ́pàá àti ọdẹ ṣáájú ọjà. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà, kí ẹ sì máa pè wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí pé nọ́ńbà tí kò lọ mọ́ láti oṣù mẹ́ta kì í hàn síni àfi ọjọ́ tí ariwo bá ta.