Bí ilé-ìwé yín kò bá kọ́ Environmental Science

Àbúrò, o ní o wà ní SS2, pé Environmental Science, ẹ̀kọ́ nípa àyíká wa, lo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ilé-ìwé yín kò kọ́ ọ, láàbù yín sì ṣófo. O tún ní bàbá rẹ ń sọ pé iṣẹ́ kólẹ̀kódọ̀tí lo fẹ́ lọ gbàwé ẹ̀rí lé lórí. Ibi tí o dúró sí yẹn lèmi náà ti gbéra. Ilé-ìwé ìjọba ni mo lọ n'Ìbàdàn. Kọ́kọ́rọ́ láàbù wa wà lọ́wọ́ ẹnì kan tá ò fi bẹ́ẹ̀ rí sójú, ìgbà mìíràn sì wà tí a ò ní tíṣà Chemistry fún odindi táàmù.

Ti bàbá ló yá jù, jẹ́ n kọ́kọ́ mú un kúrò nílẹ̀. Bi wọ́n bóyá wọ́n rántí Koko. Lọ́dún 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá tọ́jú sí ìlú Koko, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ariwo ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí ìjọba dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká nígbà náà, sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Nígbà tó di 1992, òfin mìíràn jáde pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà máa fojú ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ rí. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò yẹn ń gbowó. Bàbá tèmi ò jókòó gbọ́ mi títí mo fi dé ibi owó yẹn.

Ó kù sọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ. Ẹ̀kọ́ tí ò ń wá wà nínú ìwé yín, ó kàn fọ́n ká ni. Ó wà nínú Biology, lábẹ́ Ecology; ó wà nínú Geography, níbi ojú ọjọ́, ilẹ̀ àti omi; ó wà nínú Chemistry, níbi afẹ́fẹ́, omi àti ásíìdì. Di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Wọ́n á sọ fún ọ pé kí o fi Agric rọ́pò Chemistry torí pé ó rọrùn. Mo ṣe Agric, mo sì gbádùn rẹ̀, àmọ́ Chemistry ló jẹ́ kó yé mi bí ajílẹ̀ tí òjò gbá wọnú odò ṣe ń pa ẹja: ajílẹ̀ á mú kí ewé inú omi hù bo ojú odò, ewé yẹn á kú, bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ rà á fa ọ́síjìn inú omi tán, ẹja ò sì ní rí nǹkan mí sínú. Kò sẹ́ni tó fi májèlé sódò. Tí o bá lè ṣàlàyé ìyẹn láìwo ìwé, o ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọ sórí.

Maths ni ọ̀pọ̀ ń sá fún, ohun náà ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí. Wo òjò 26 August 2011 n'Ìbàdàn, èyí tó gbé afárá lọ ní Apẹ̀tẹ̀, tí ẹni tó bá a lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Òjò ọjọ́ yẹn ju 180 mm lọ. Ẹlòmíràn á ka 180 mm, á kọjá lọ. Ṣùgbọ́n 1 mm òjò lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, lítà omi kan géérégé ni. Plọ́ọ̀tì 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí 464. Sọ ọ́ di ìlọ́po 180, wàá rí i pé ó ju 83,000 lítà lọ. Tánkà omi onílítà 10,000 mẹ́jọ, lórí plọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Wá fi símẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, fi pàǹtírí dí gọ́tà, kọ́lé sétí odò, kí o wá wo ibi tí omi náà máa gbà.

Láàbù ńkọ́? Igi pẹlẹbẹ mẹ́rin àti ìṣó ni quadrat tèmi, ìyẹn férémù onígun mẹ́rin tí a fi ń ka ewéko orí ilẹ̀. Jù ú káàkiri ẹ̀yìn kíláàsì, ka koríko tó bá bọ́ sínú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Bu ilẹ̀ oko sínú ìgò tí a ń rí inú rẹ̀, da omi sí i, gbọ̀n ọ́n dáadáa, gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì: yanrìn á wà nísàlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á tẹ̀ lé e, amọ̀ á wà lókè. Fa ewéko ẹ̀wà tu jẹ́jẹ́ kó má já ní gbòǹgbò. Àwọn kókó kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò yẹn ni ilé bakitéríà Rhizobium. La ọ̀kan. Tí inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà náà lọ́wọ́ nìyẹn. Láti dá ásíìdì mọ̀ yàtọ̀ sí alkali, zobo ni mo lò, zobo gbígbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí a ò fi ṣúgà tàbí nǹkan kan sí. Rẹ ẹ́ sómi gbígbóná. Kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí díẹ̀, á pọ́n dòò. Bu kán-ún sí òmíràn, pupa rẹ̀ á ṣí, á máa lọ sí àwọ̀ ewé. Màmá mi bínú torí zobo yẹn, mi ò ní purọ́.

Ibi tí máàkì ti ń jábọ́ jù nínú ìdánwò ni ẹ̀gbẹ́ quadrat. Èyí tó jẹ́ 0.5 m ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe 0.5 m², 0.25 m² ni. Tí o bá jù ú nígbà 10, tí o rí koríko 40, 16 ló wà nínú m² kan, kì í ṣe 8. Òmíràn: ihò inú ozone, gáàsì òkè ọ̀run tó ń dí ìtànṣán oòrùn tó léwu, kọ́ ló ń mú ayé gbóná. CFC, gáàsì tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì àtijọ́, ló ń jẹ ozone, òun ni wọ́n torí ẹ̀ ṣàdéhùn Montreal ní 1987. Àwọn gáàsì bíi carbon dioxide tó ń há ooru mọ́lẹ̀ ni olórí ẹjọ́ nídìí ayé tó ń gbóná.

Tó bá di orí fọ́ọ̀mù JAMB, fara balẹ̀ ka brochure. Ní UNILAG, Faculty of Environmental Sciences ni ilé Architecture, Estate Management àti Quantity Surveying. Ọ̀rẹ́ mi kan rí orúkọ fákọ́tì bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ó sáré mú un, inú ẹ̀kọ́ ilé títà ló bá ara rẹ̀. Èyí tí o ń ṣàpèjúwe jọ Environmental Management and Toxicology, irú èyí tó wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Bí UTME bá já ọ kulẹ̀, JUPEB wà, IJMB náà wà, ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì ni méjèèjì: subject mẹ́ta ni wàá mú, tí máàkì rẹ bá dára, o lè gba Direct Entry wọ 200 level, ìyẹn ọdún kejì. Biology, Chemistry, Geography ni mo mú. Wọ́n á ní Geography kò wúlò fún ẹni tó ń lọ sí sáyẹ́ǹsì, kí o mú Physics. Yẹ ohun tí yunifásítì tí o fẹ́ béèrè wò kí o tó dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá fara mọ́ Geography, mú un.